Pílásítà Ojú Kọ̀ǹpútà

Láti ìgbà tí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kú, ìtàn pílásítà ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Ó lọ ra pílásítà tí wọ́n fi ń bo ojú ọgbẹ́, ó gé e, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, síbi tí bọ́tìnnì kan wà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní í tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́ nínú yàrá yìí.

Obìnrin ayàwòrán tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dìde wá wò ó. Ó fa wíńdò iṣẹ́ náà sápá òsì díẹ̀. Bọ́tìnnì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílásítà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti jáde o."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹjú mọ́ ọn títí. "Ọgbẹ́ tó ń rìn ni," ó ní. "Gbé páálí pílásítà yẹn wá."

Iṣẹ́ wọn ò le láti ṣàlàyé. Àwọn àwòrán kéékèèké tí ẹ máa ń rí lójú fóònù, agogo, àgádágodo, ilé, obìnrin yìí ló ń yà wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú kí wọ́n máa mira. Tí gbogbo wọn bá máa dá àrà kan náà, kọ̀ǹpútà ní bọ́tìnnì tó máa fi àrà náà sí wọn lára, táá sì kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan, ní iṣẹ́ tó ti parí, bí ọmọléèwé tí wọ́n lu agogo fún. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á lọ jẹun. Gbogbo ayé ló ń tẹ̀ ẹ́. Òun ò tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú jáde, á wò ó tán kó tó mú òmíràn. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Wọ́n bá a sọ ọ́ títí. Ẹ̀yìn igbá ni wọ́n ń da omi sí.

"Ẹ̀gbọ́n, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

"Tí ẹ̀gún bá gún ẹ, ṣé gbogbo ọwọ́ lo máa nà sí mi, àbí ìka tó ń dùn ẹ́?"

Bí ọ̀kan bá sì jáde, á kí i. "Káàbọ̀. Ṣé dáadáa lo dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, agogo lẹ̀ ń kí yẹn."

"Ṣé agogo ò rìnnà ni?"

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́. Tí àwọn ọmọ bá ti iléèwé dé, tí wọ́n jọ pariwo "Ẹ kú ilé, Bàbá," kò ní í dáhùn. Á ní kí wọ́n padà síta, kí wọ́n wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àbíkẹ́yìn wọn rí i pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni Bàbá ń gbé mọ́ra. Lọ́jọ́ kan ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó tún gba iwájú wọlé. Bàbá rẹ̀ gbé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí ò rí i rí.

Ohun tó fa pílásítà gan-an rèé. Ilé ìfowópamọ́ kan gbéṣẹ́ fún wọn. Ajá wà nínú àwọn àwòrán náà, ajá tó ń ṣọ́lé, Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti kọ́ ọ bó ṣe máa jùrù. Ó bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Ayàwòrán rí i pé ọjọ́ ti lọ, ó bá tẹ bọ́tìnnì, ó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Kò mọ̀ pé àrà ajá ti bọ́ sára gbogbo wọn.

Máníjà pè. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àgádágodo wa ń jùrù?"

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wo ayàwòrán. Ayàwòrán wolẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá máníjà lóhùn: "Ẹ má bínú, sà. Inú ẹ̀ ló dùn."

"Inú ẹ̀ dùn sí ta ni? Olè?"

Ó bẹ máníjà títí. Kò sọ fún un pé òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò bá obìnrin náà jà. Ó kàn ní, "Àbúrò mi, ohun tó bá jọ rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, a kì í rójú ẹ̀." Ọjọ́ kejì ló lọ ra pílásítà.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ló gbéṣẹ́ fún un kẹ́yìn. Ara ògiri ni wọ́n fẹ́ gbé àwọn àwòrán náà sí, lójú tẹlifíṣọ̀n ńláńlá, ẹyẹ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan, bàtà lẹ́nu ọ̀nà òmíràn, àga níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, kí ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà lè mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wọn ò ní í fò, wọn ò sì ní í jó. Mímí ni kí wọ́n máa mí. Kí wọ́n wú díẹ̀, kí wọ́n sọ̀ díẹ̀. Àrà kan náà ni fún gbogbo wọn, àmọ́ ó jẹ́ kí ti ẹyẹ yá, ó jẹ́ kí ti àga falẹ̀.

"Èèyàn méjì kì í sùn nínú yàrá kan kí wọ́n máa mí pọ̀," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa mọ̀?"

"Ọmọ tí ò bá róorun sùn."

Ó ṣètò mímí wọn tán. Kò tíì mú ìkankan jáde nígbà tí àìsàn àyà gbé e dè. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí i nímú, ẹ̀rọ náà ń bá a mí, bákan náà, bákan náà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ayàwòrán náà jókòó tì í. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé ìwòsàn pè. Wọ́n ní wọ́n bá wọn kẹ́dùn, àmọ́ ọ̀la ni àwọn ọmọ máa wọlé. Bí iṣẹ́ náà ò bá dé kílẹ̀ tó ṣú, àwọn á fi àwòrán míì sí i. Ìyàwó Ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí yàrá iṣẹ́, ó jókòó lórí àga ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn kú sínú ẹ̀rọ.

Ayàwòrán wo aago. Ó wo bọ́tìnnì tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílásítà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo wọn tò jáde. Mímí ẹyẹ ló bọ́ sára gbogbo wọn. Wọ́n jọ wú, wọ́n jọ sọ̀. Bákan náà, bákan náà. Kò sí ohùn nínú àwòrán, síbẹ̀ àwọn obìnrin méjèèjì gbọ́ ẹ̀rọ yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. "Àbúrò wa, jọ̀ọ́, pa á."

Ó pa á. "Àǹtí, tí mo bá ní kí n máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ lè ṣú mọ́ wa lọ́wọ́."

"Bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí nígbà náà."

Ẹyẹ jáde. Ó ń mí bí ẹyẹ. Ayàwòrán na ọwọ́ sí èyí tó kàn.

"O ò ní í kí i?"

"Kí ta ni?"

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

"Àǹtí, ẹyẹ ni."

"Ṣé ẹyẹ ò rìnnà ni?"

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín látọjọ́ ìsìnkú. Kó tó rẹ́rìn-ín náà débì kan, ẹkún gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó nu ojú, ó kí ẹyẹ. Látibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín àwọn tó kù kí. Ìyàwó Ọ̀kọ̀ọ̀kan kí bàtà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó jọ àbíkẹ́yìn òun.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tó ku àga nìkan. Òun ló falẹ̀ jù. Ó jáde, ó wú díẹ̀, ó dúró, ó sọ̀ díẹ̀. Ayàwòrán ló kàn láti kí i.

"Káàbọ̀," ó ní. "Ẹni tó ń retí ẹ ò sí nílé."

Ó fi gbogbo wọn ránṣẹ́. Ilé ìwòsàn ní àwọn ti rí i. Kó tó pa kọ̀ǹpútà, ó fa wíńdò náà sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, títí bọ́tìnnì fi wọ abẹ́ pílásítà.