Bébà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀

Akọ̀wé ilé kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú kí n tó mọ̀.

Láti ìlú Ìyìn ni mo ti wọkọ̀ wá gba ímeèlì tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀wé yìí máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á sì nà án sí mi. Lónìí, ó dojú bébà náà délẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ jókòó ná, mà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi wí?"

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá, mà?"

Mo jókòó.

Wọ́n ní láìpẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára á dé Ìyìn, kálukú á máa ka ímeèlì tiẹ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ fèsì. Bí irú ìròyìn yìí bá tún dé lọ́jọ́ náà, ta ló máa kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun?