Hóró Oògùn Tí Eutimio Kò Dárúkọ Lórí Fóònù

Ìgbà tí Casilda gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, orí àga ilé ìwòsàn ní Pamplona ló wà, òwú ṣì wà lápá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀. Eutimio pè é láti abúlé pé kó má gbàgbé sọ́séèjì pupa. Casilda ní kó fi ti sọ́séèjì sílẹ̀, kó sọ orúkọ hóró tó fún òun lọ́jọ́ tí akokoro dé, dókítà ń béèrè. Baba náà rẹ́rìn-ín.

"Tí o bá délé, màá sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ gbé ṣíbí igi tí o fi ń lé mi kiri yẹn jìnnà sí ọwọ́ rẹ."

Kó tó délé, ọkàn Eutimio ti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ hóró náà kì í ṣe kékeré. Orúnkún Casilda ti jẹ tán, ilé ìwòsàn sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣẹ́-abẹ ní òun kò ní fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi mọ oògùn ìrora tó fẹ́ pa á lọ́jọ́sí. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbé e mì tí ètè rẹ̀ wú, tí ọ̀fun há. Ta ló sì fẹ́ mọ̀ ọ́n? Agolo bisikíìtì kan ni Eutimio ń da gbogbo oògùn ilé sí, tirẹ̀, ti aládùúgbò, ti àwọn tó ti kú. Ó ní páálí ń gba àyè.

Garbiñe, dókítà ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ní òun kò ní fún un ní oògùn jẹ kí òun wá máa wò ó bóyá yóò kú. Inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ṣì wà láàyè, ni òun yóò kán oògùn sí, kí òun wo bóyá yóò bínú. Kí wọ́n sì yára, nítorí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbàgbé ọ̀tá tí oṣù bá pọ̀. Ó dán oògùn ìrora mẹ́ta inú agolo wò. Ẹ̀jẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ọmọ mi, ẹ tún un wò," Casilda wí. "Kò sí nǹkan tèmi kan tó máa ń dákẹ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó pe Saturio wá mu kọfí. Ogójì ọdún ni Saturio àti Eutimio fi jọ ta káàdì mus, eré tí èèyàn ti ń fi ojú àti ẹnu ṣe àmì sí ẹnì kejì rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí Casilda ta, ṣùgbọ́n òun ló ń bu wáìnì lẹ́yìn wọn, kò sì sí àmì tí kò mọ̀. Ẹni tó bá ní ọba méjì lọ́wọ́ á fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀.

Ó béèrè ohun tí Eutimio fún òun jẹ. Saturio ní òun kò mọ nǹkan kan. Eyín rẹ̀ sì tẹ ètè.

"Saturio, ọba méjì wà lọ́wọ́ rẹ. Kó wọn sílẹ̀."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ìyàwó wa, oògùn Lagun ni, hóró kan ṣoṣo ló gbà lọ́wọ́ mi."

Lagun ni ajá ọdẹ rẹ̀ tó fi ìbàdí ṣèṣe. Casilda mu kọfí rẹ̀ díẹ̀, ó wá béèrè bóyá ajá náà sàn. Saturio ní ó ti tún ń lé ehoro.

"Ó dáa. Ó kúkú ṣe ẹnì kan lóore."

Casilda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sì dìde, ó mú ṣíbí igi, ó yíjú sí àga Eutimio tó ṣófo. Saturio sún sẹ́yìn.

Nígbà tí Casilda gbé páálí oògùn Saturio tí wọ́n ya ajá sí lára dé Pamplona, Garbiñe yọ awò ojú láti nu omi ẹ̀rín lójú. Ó ka orúkọ náà, ó ní wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn pẹ̀lú, àti pé gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́ bíi suwíìtì.

"Màmá, ẹ padà wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Oṣù karùn-ún rèé tí ẹ ti gbé hóró náà mì, ẹ má jẹ́ kó kọjá."

Òní ni ọjọ́ Ajé. A kò tíì kán oògùn Lagun sínú ẹ̀jẹ̀ Casilda, orúnkún náà ṣì ń ro ó, Casilda fúnra rẹ̀ kò sì tíì bá Eutimio jà.