Ìyàwó Wa Ní Ọkàn Òun Kéré

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́, tí mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà ni heart. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì wa n'Ìkẹ́nnẹ́, màá ní ọkàn ló ń jẹ́, màá ní ó tún lè jẹ́ àyà tàbí inú, ó kù sí ibi tí wọ́n bá ti lò ó, a ó sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyàwó àbúrò mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé etí omi lásán ni mo ti ń dúró láti ọjọ́ yìí.

Orílẹ̀-èdè Thailand ni àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, orí fóònù lèmi àti ìyá wa sì ti wò ó, tí a ń du ojú fóònù mọ́ ara wa lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá sílé nígbà ọyẹ́, ilé Màmá ní Ipara ni wọ́n wọ̀ sí. Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò mi ní láti lọ sí Abuja nítorí ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì fi ìyàwó sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Ilé ìwé ti gba ọlidé, ni mo bá kó aṣọ díẹ̀, mo lọ bá wọn kí n lè máa ṣe ògbufọ̀.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ náà ò rọrùn. Èdè Rẹ́mọ ni Màmá ń sọ, ojúlówó rẹ̀, kì í ṣe àdàlù tàwa ará ìgboro. Ìyàwó wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba, ó sì ní nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń túmọ̀ èdè fún un. Lọ́jọ́ kan Màmá sọ sínú fóònù náà pé inú àwọn dùn sí i. Fóònù ronú díẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé ṣúgà wà nínú Màmá. Ọmọ ọlọ́mọ sáré wá bá mi ní yàrá, ó ń béèrè bóyá Màmá ní àtọ̀gbẹ.

Màmá fẹ́ràn rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá gbé abọ́ láti fọ̀, Màmá á gbà á. Bó bá mú ìgbálẹ̀, Màmá á ní kó lọ jókòó síwájú fáànù. Lójú Màmá, ọmọ tó wọ bàálù láti òkè òkun wá kí wọn, tí awọ rẹ̀ ń pọ́n tí oòrùn bá ti ràn án díẹ̀, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń rán níṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ìyàwó wa kó àwọn abọ́ jọ, ó ń gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Màmá dìde, wọ́n rọra gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ náà ò kúrò níbi tó dúró sí. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, omi kún ojú rẹ̀, ó sì sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "My heart is small."

Màmá béèrè ohun tó wí. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ó ní ọkàn òun kéré."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Màmá, ó fọ́ yángá.

Ọkàn ló pa bàbá wa. Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dìde kí wọ́n gbàdúrà ìparí, wọ́n fọwọ́ di àyà mú, wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n sì ṣubú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọwọ́ lé àyà nínú ilé wa ti da Màmá láàmú nìyẹn.

"Máa gbé e lọ sí Ṣàgámù," ni Màmá wí. "Má dúró wá bàtà."

Ìyàwó wa ń sọ pé kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. Ó rò pé òun ń fi wá lọ́kàn balẹ̀. Kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn gan-an ni àwa méjèèjì ń sá fún. Mo fà á lọ́wọ́ jáde, a bọ́ sínú táàsì àkọ́kọ́ tó ní àyè, àdúrà ni mo sì ń gbà títí a fi dé ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù.

Dókítà obìnrin kan tí kò dàgbà púpọ̀ ló dá wa lóhùn. Wọ́n dá ìyàwó wa dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà jáde, bébà tí ìlà rẹ̀ ń fò sókè sódò. Mo tẹjú mọ́ ìlà náà bí ẹni pé mo lè kà á. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ọkàn yìí dára ju tòun lọ. Ó wá bi ìyàwó wa léèrè pé ìgbà wo ni ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

Ìyàwó wa wò mí, ó sì wolẹ̀. "Láti ọjọ́ tí Màmá ti kọ́kọ́ gba abọ́ lọ́wọ́ mi," ló fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Àǹtí," ló wí fún mi, "èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó sọ ọ́ fún mi lédè tiwọn. Ó ní nọ́i jai ni. Nọ́i ni kékeré, jai sì ni ọkàn. Kì í ṣe ọkàn tó ń lù nínú àyà, ìyẹn ń jẹ́ hùá jai, òun sì ni dókítà lè fi ẹ̀rọ wò. Jai ni èyí tí èèyàn fi ń mọ ayọ̀ àti ìbànújẹ́. Ó ní bí ẹni tí èèyàn fẹ́ràn bá ń ṣe é bí àlejò, tí kò lè bínú sí onítọ̀hún torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, tí kò sì lè sọ ọ́ jáde, ohun tó ń ṣe é nígbà yẹn ni nọ́i jai. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ìyá ọkọ tí kò bá jẹ́ kí ìyàwó wọ ilé ìdáná kò tíì gbà á sílé.

Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti Ipara ṣí kúrò lára mi, ohun mìíràn sì gba ipò rẹ̀: ara mi yá gágá. Mo ti ń kọ́ni ní heart láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó lè kéré báyìí.

Nínú táàsì tó gbé wa padà, mi ò jẹ́ kó sinmi. Mo ní kó kó gbogbo jai tó mọ̀ wá. Ó ní dii ni kí nǹkan dára. Dii jai, inú èèyàn dùn nìyẹn. Bí wọ́n bá wá yí i padà, tó di jai dii, èèyàn rere ni.

Mo pàtẹ́wọ́. "Inú dídùn àti inú rere! Inú wa ni jai yín!"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ lójú mi. Jai rọ́n, ọkàn tó gbóná, tiwa ni onínúfùfù. Jai yen, ọkàn tó tutù, onísùúrù nìyẹn. Káò jai, kí nǹkan wọ inú ọkàn, ìyẹn ni wọ́n ń wí tí ọ̀rọ̀ bá yé wọn. Sìá jai, ọkàn tó bàjẹ́, àwa náà ń wí pé ọkàn wa bàjẹ́. Bó ti ń sọ ọ́ ni mò ń tún un sọ, ó sì yà á lẹ́nu pé ohùn mi tètè ń bọ́ síbi tó yẹ. Mo sọ fún un pé àwa tí à ń pe ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, kò sí èdè olóhùn tí yóò dẹ́rù bà wá.

Bí a ṣe dé Òde Rẹ́mọ, ewúrẹ́ kan já lu títì. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, gbogbo wa fì síwájú, ìyàwó wa sì ké pé, "Tòk jai!"

Mo ní kí nìyẹn. Ó ní ọkàn òun ṣubú.

Obìnrin tó jókòó síwájú, tó ti ń gbọ́ wa bọ̀, yíjú padà. "Àyà ẹ̀ já ló ń wí yẹn," ló sọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó wa, pé tiwọn ṣubú, tiwa já, ohun kan náà ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọkọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Dẹ́rẹ́bà náà fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń ba èèyàn. Ìyàwó wa ní klua ni, kò sí jai nínú rẹ̀, ó sì dun dẹ́rẹ́bà. Obìnrin iwájú ní, "Ó dùn ún o." Ìyàwó wa gbọ́ dùn yẹn, ó bi mí bí dùn kan náà ṣe lè jẹ́ ayọ̀, kó jẹ́ adùn oyin, kó tún jẹ́ ìrora. Olùkọ́ èdè ni mí, mi ò sì bi ara mi rí.

Màmá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fún gèlè mọ́rí bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ lé wa. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń wo ìyàwó wa tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Mo rò pé mo ń kẹ́ ẹ ni," ni Màmá wí.

"Ó mọ̀, Màmá. Ó kàn dùn ún ni."

Màmá dìde. "Sọ fún un kó lọ bọ́ aṣọ òde yẹn. Ewùrà ń bẹ nílẹ̀ tó yẹ kí a rin."

Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n sè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó wa rin ewùrà títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, Màmá sì fi epo pupa pa á fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò fojú àlejò wò ó mọ́. Wọ́n ní kó lọ bu omi wá. Wọ́n ní kó dín iná kù. Wọ́n ní ta ló kọ́ ọ láti máa ro nǹkan bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Wọ́n bá a wí bí wọ́n ṣe ń bá èmi gan-an wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń kì. Ata tó fún ìkọ́kọrẹ́ náà pọ̀ débi pé imú Màmá ń ṣomi, síbẹ̀ wọ́n bu ẹ̀ẹ̀kejì.

Nígbà tí àbúrò mi dé láti Abuja, ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyàwó rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gún ẹja, Màmá sì ń pàṣẹ. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó lọ bi dókítà.

Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ti padà sí Thailand báyìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, ìyàwó wa máa ń pè mí lórí fóònù, á sì kọ́ mi. Mo ti ń ka lẹ́tà wọn, àwọn lẹ́tà olórí roboto tí wọn kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, tí èèyàn fi ń wá ibi tí ọ̀kan parí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mọ̀ pé bí mo bá kọ heart sójú pátákó, àkókò oúnjẹ lè bá wa níbẹ̀. Màmá náà ti ní kí n bá àwọn gba ìwé ìrìnnà, àwọn fẹ́ lọ wo ìlú tó bí ìyàwó àwọn. Ìgbà ọlidé gígùn la máa lọ. Bàálù ò bà mí lẹ́rù rárá. Mo ti ra àpótí.