Òwú Dúdú Létí Ìkòkò Àǹtí Adétóun

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará ilé wa ní Port Richmond lókè òkun, tí ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn kan péré fún yín nípa olóògbé Àǹtí Adétóun, ìtàn ọbẹ̀ funfun ni wọ́n máa sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà ni. Ìsìn parí, oúnjẹ dé orí tábìlì: ìrẹsì, mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀bà, ẹran díndín. Àǹtí Adétóun gbé ìkòkò ńlá kan wọlé, wọ́n ṣí i, gbogbo èèyàn yọjú wò ó, gbogbo èèyàn sì sún sẹ́yìn. Ọbẹ̀ náà funfun bíi mílíìkì, nítorí pé mílíìkì náà ni. Pòtétò kéékèèké, kárọ́ọ̀tì, kọliflawa àti ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, bọ́tà ń dán lójú rẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ kan tó rí bí irun àgbàdo wá bo gbogbo rẹ̀.

Bùrọ̀dá Oyèkúnlé tó ń kọ tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ gbàgbé ata ni, àbí ata ló gbàgbé yín?"

"Oyèkúnlé, ẹnu tìẹ ti gbóná tó. Ata wo lo tún ń wá kiri?"

"Àǹtí, ọbẹ̀ tí ò lata…"

"Ọbẹ̀ àwọn ará Finland ni. Késákéítò lorúkọ rẹ̀. Ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń sè é, tí ewébẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀. Ata ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Èmi Adétóun, ọmọ Iléṣà, ni mo sè é, n ò fi ata kàn án, ó sì dùn. Ta ló tún lè ṣe é nínú yín?"

Oyèkúnlé tọ́ ọ wò. Ó bu abọ́ kan, ó bu ìkejì. Nígbà tó di abọ́ kẹta, ó rọra yọ́ lọ sídìí ẹ̀bà. Àǹtí Adétóun rí i lókèèrè, wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú pásítọ̀. "Mo lè fara da ẹni tó bá bú mi," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n n ò ní jókòó síbí kí ẹnikẹ́ni máa fi òkèlè dójú ti Finland."

Ọjọ́ náà ni Rìnsọ́lá, ọmọ àbúrò wọn, ọmọbìnrin tí kì í rí àgbà kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́, rí òwú dúdú kan tí wọ́n so mọ́ etí ìkòkò náà.

"Àǹtí, kí lèyí?"

"Àmì ni. Kí wọ́n má baà gbé ìkòkò mi lọ."

"Nínú gbogbo ìkòkò tó wà níbí, Àǹtí, ta ló fẹ́ gbé tiyín?"

Ìkó orí lèsì tó gbà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Àǹtí Adétóun ń ṣe. Láti Mariners Harbor ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Màmá Helmi, òyìnbó ará Finland kan, ní Port Richmond. Ọdún mọ́kànlá ni Àǹtí fi tọ́jú Màmá. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkọ Màmá Helmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìyá arúgbó náà sì kọ oúnjẹ pátápátá. Àǹtí se èyí, wọ́n se tọ̀hún, Màmá Helmi ń mi orí. Níkẹyìn, Màmá ní ọbẹ̀ tí ìyá àwọn máa ń sè nìkan ló ń wu àwọn. Wọ́n jókòó ti sítóòfù, wọ́n ń pàṣẹ: bu omi, kó pòtétò sí i, da mílíìkì sí i.

"Màmá," ni Àǹtí wí, "ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe tíì la fẹ́ pò?"

Màmá Helmi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Wọ́n sì jẹun. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Adétóun di ará Finland. "Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí iná," ni wọ́n á máa wí nípa ìlú tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ̀ rí.

Ẹ̀wà inú yìnyín tí wọ́n ń tà ní páálí kò jọ wọ́n lójú. "Ẹ̀wà tó ti kú," ni wọ́n ń pè é. Ní Sátidé oṣù kẹfà, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Manhattan lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó ń pàtẹ níbẹ̀, wọ́n á sì ra ẹ̀wà tó ṣì wà nínú èèpo, báàgì ńlá méjì. Bí ọkọ̀ bá ti ń padà bọ̀, wọ́n á máa pín in fún àwọn tó jókòó yí wọn ká.

"Ẹ bá mi bó o, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ yín kúkú dilẹ̀."

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó so táì, bó tirẹ̀ títí, ó wá ju ẹyọ kan sẹ́nu.

"Ọ̀gá, mo rí ẹ."

"Ẹyọ kan péré ni, mà."

"Bí gbogbo ọkọ̀ yìí bá jẹ ẹyọ kan péré, kí ni màá gbé délé?"

Ní Sátidé kejì, ọkùnrin yìí kan náà ló dúró dè wọ́n lẹ́nu ọkọ̀. Ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

Rìnsọ́lá náà máa ń bá wọn se ọbẹ̀ yìí nílé Màmá Helmi. Ṣùgbọ́n bí mílíìkì bá ti fẹ́ máa hó, Àǹtí á ní, "Rìnsọ́lá, bá mi wo ìta bóyá òjò ń rọ̀." Rìnsọ́lá á lọ, á bọ̀: "Àǹtí, oòrùn ń ràn." "Ọlọ́run ṣeun," ni Àǹtí á wí, wọ́n á sì máa ro ọbẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Rìnsọ́lá ní òun máa dá àrà. Nígbà tí Àǹtí lọ gbé fóònù, ó da ata gígún ìdajì ṣíbí sínú abọ́ wọn, ó sì lọ jókòó kó lè rí bí iná á ṣe jó wọn. Àǹtí jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n lá ṣíbí. "Bu díẹ̀ sí i fún mi," ni wọ́n wí. Rìnsọ́lá rò pé agídí ni, pé Àǹtí á gbé iná mì ju kí wọ́n jẹ́ kí òun fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, Àǹtí Adétóun sùn, wọn ò jí mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Nicole ọmọ Màmá Helmi pe Rìnsọ́lá. "Ọjọ́ kẹrin nìyí tí ìyá mi ti ń ti ṣíbí dànù. Dókítà ní bó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ tí kò jẹun, àfi ká gbé e lọ sílé àwọn arúgbó. Inú ilé rẹ̀ ló sì fẹ́ wà títí ọjọ́ ikú. Rìnsọ́lá, ṣé o mọ ọbẹ̀ yẹn sè?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni Rìnsọ́lá wí, pẹ̀lú ẹnu tó tóbi ju ìkòkò lọ.

Ó ra ẹ̀wà tútù, ó bó o fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní Ọjọ́bọ̀, ó se ọbẹ̀ náà nílé Màmá Helmi, kò fo nǹkan kan. Màmá Helmi tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Kì í ṣe ti Tóun."

"Màmá, kí ló kù?"

"Èyí tó máa ń mú kí imú mi sunkún."

Rìnsọ́lá rántí ata gígún tí Àǹtí jẹ kanlẹ̀. Rìnsọ́lá dìde, ó ṣí fíríìsà, ó ń tú u. Lábẹ́ gbogbo ẹrù, ó rí ọ̀rá kan. Ata rodo ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan àti òwú dúdú. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára, ọwọ́ Àǹtí ló sì kọ ọ́: RÌNSỌ́LÁ, MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn fíríìsà mú. Ó fi abẹ́rẹ́ gba òwú kọjá nídìí ata méjì, ó jù wọ́n sínú ọbẹ̀ lódindi, ó so òwú mọ́ etí ìkòkò. Nígbà tó tó, ó fà wọ́n jáde. Màmá Helmi tọ́ ọ wò. Imú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Wọ́n jẹ abọ́ kan tán, wọ́n na abọ́ náà sí i.

"Màmá, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Gbogbo ìgbà ni Tóun máa ń ní kí n wo fèrèsé bóyá òjò ń rọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wo òjò. Mò ń rí i nínú gíláàsì fèrèsé, bó ṣe ń fi òwú fa ata jáde bí ẹni ń fa ẹja."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ?"

"Inú rẹ̀ máa ń dùn gan-an tó bá ń sọ fáyé pé òun ò fi ata sí i." Màmá Helmi fi ọwọ́ nu imú. "Ọbẹ̀ ìyá mi dára. Ti Tóun ló dùn jù."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó kọjá. Màmá Helmi ṣì wà nílé wọn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, Rìnsọ́lá gbé ìkòkò ńlá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bùrọ̀dá Oyèkúnlé yọjú wò ó.

"Rìnsọ́lá, ata dà?"

"Bùrọ̀dá, ẹnu yín ti gbóná tó. Ìran wa kì í fi ata kàn án."

Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín. Ó bu ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó wá rí òwú dúdú létí ìkòkò, bíi ti Àǹtí. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Bùrọ̀dá," ni Rìnsọ́lá rọra wí, "ẹ bá mi wo ìta bóyá òjò ń rọ̀."

Oyèkúnlé gbé abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ń ràn yòò lórí òpópónà Port Richmond. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu imú, ó nu ojú.

"Ó ń rọ̀ díẹ̀," ni ó wí.