Ẹnu Ọ̀nà Ilé Jámánì

Rádíò ń sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tí àwọn Faransé dán wò ní aṣálẹ̀. Ọkọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: bí eruku rẹ̀ bá ń bọ̀, kí èèyàn wọ ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn, kó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Òórùn koríko tó ń jó ló gba imú mi.

Ọjọ́ iná kan ni mo rántí; mo kéré nígbà náà. Iná ìgbẹ́ ká èmi, àbúrò mi àti ìyá àgbà mọ́ oko ní Kamina. Ìyá àgbà wọ́ wa lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan nínú ilé tí àwọn Jámánì fọ́ sílẹ̀ nígbà ogun kí wọ́n tó lọ. Mo takú.

"Ìyá, òkú Jámánì wà níbẹ̀!"

"Òkú Jámánì kì í jẹ ọmọ. Iná ló ń jẹ ọmọ. Wọlé, ojo!"

Ògiri náà tutù bí ìkòkò omi. Ó ní ká lọ sí kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù. Òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn, ó kọ ẹ̀yìn síta, ó ń fi ẹ̀rù mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé atẹ́gùn ló ń gbà.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi sunkún títí pé kí ìyá àgbà pọn òun, kò pọ̀n ọ́n; kò jẹ́ kí aṣọ pàápàá kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá àgbà ni ògiri tí ẹnu ọ̀nà yẹn kò ní.