Àkísà Tí A Fi Ń Nu Abọ́

Kò sí ilé oúnjẹ tó mọ́ tó tèmi ní Ibo Road. Mi ò kàwé kọjá praimárì tírì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ń tò síwájú ìkòkò mi. Ojoojúmọ́ là ń se àkísà tí a fi ń nu abọ́, a ó sì sá a sóòrùn. Lánàá, ọmọ iṣẹ́ kan fi ọ̀kan sílẹ̀ ní tútù, ó ń kan bí ògì tó ti bàjẹ́. Mo jù ú síná.

Irú òórùn yẹn ló wà lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Màmá fi èmi àti Bísí, àbúrò mi tó ń rákòrò, sílé. Mo fi àkísà kan ṣoṣo nu ibi tí wọ́n gé ẹran sí, mo fi nu ṣíbí Bísí, mo fi nu ẹnu rẹ̀. Mi ò fọ̀ ọ́, kí omi inú garawa wa má baà tán. Nígbà tí mai ruwa gbé omi títà dé, mo lé e padà pé a ò fẹ́, ó dọ̀la: “Ba ma so, sai gobe!”

Màmá dé, ó bá garawa ní kíkún. “Ẹ wo ọkọ mi! Ọmọ tó mọ omi í ṣọ́!”

Lọ́jọ́ kejì, Bísí ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyá àgbà tó wà ní yàrá kejì ní, “Eyín ló ń hù. Ẹ jẹ́ kó yà á dànù.”

Eyín náà ò hù rí.

Ìgbà tí mo di olóúnjẹ ni mo tó mọ̀ pé àkísà yẹn ló pa Bísí.

Títí Màmá fi kú, bó bá fẹ́ yìn mí lójú àlejò, omi garawa yẹn ló máa ń sọ.