Orúkọ Tí Wọn Ò Fún Tokuzo

Ogójì ọdún gbáko ni mo fi di irun wíìgì fún àwọn òṣèré kabuki, eré orí ìtàgé àtijọ́ ilẹ̀ Japan, nílùú Tokyo, n ò sì ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ náà kó mi nírìíra nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe òróró tí à ń fi ra irun ló fà á. Òórùn ìyẹn ti mọ́ mi lára láti kékeré. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ni. Bí mo bá ti rántí ohun tí ìdílé Kurimoto, àwọn òṣèré tí mo ṣiṣẹ́ fún, fojú Tokuzo rí, ńṣe ni itọ́ á kún ẹnu mi, màá sì wá ibi tí màá tu ú sí.

Ọmọ ẹni tó ń ta wàrà sóyà ni Tokuzo, ládùúgbò Fukagawa. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó gbé wàrà wá sí ilé ìṣeré wa, tó yọjú wo orí ìtàgé láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tó sì kọ̀ tí kò lọ sílé mọ́. Bàbá rẹ̀ wá nà án lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ó fi í sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n fún un ní Kurimoto kó fi jórúkọ bí wọ́n ti ń fún gbogbo ọmọ iṣẹ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ Kurimoto kankan ò sí lára rẹ̀. Nínú kabuki, bí wọn ò bá bí ọ sínú ilé náà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni wàá máa gbé títí wàá fi hewú. Àwọn ọmọ onílé wà nísàlẹ̀, nítòsí ìtàgé. Ẹ̀yin tókù, ẹ máa gun àtẹ̀gùn.

Kí ni Tokuzo wá ń ṣe lórí ìtàgé? Ó ń kú. Wọ́n á fi idà kàn án, á ta ọ̀kítì, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á kú. Lẹ́yìn wákàtí kan, á pààrọ̀ aṣọ, á tún kú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin. Èèyàn méjì ló máa ń wà nínú ẹṣin náà, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì ti orí rẹ̀ mọ́ ìdí ẹni tó wà níwájú. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe ẹsẹ̀ iwájú nígbà náà ò mọ̀ ju kó jẹ ráádíìṣì oníyọ̀ lọ, gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n máa ń fi iyọ̀ rẹ, gbogbo ẹni tó bá sì ti jẹ ráádíìṣì oníyọ̀ rí mọ ohun tó ń ṣe nínú ikùn.

Bó bá jáde nínú awọ ẹṣin náà, tí òógùn bò ó, màá ní, "Toku, báwo lẹṣin lónìí?"

Á ní, "Ẹṣin jẹ ráádíìṣì lánàá."

Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, kì í ráhùn. Èmi ni mo máa ń bá a ráhùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá Shigenojo ni. Ọ̀gá wa ni olórí ilé Kurimoto, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ni bàbá náà. Àwọn ipa ìyá arúgbó ni bàbá náà máa ń ṣe, kò sì sí ẹni tó lè dúró tì í. Eré kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, eré ìyá alágbàfọ̀. Àwọn ọmọ ogun pa ọmọ ìyá náà sínú odò, wọ́n gé apá aṣọ rẹ̀ wá, wọ́n na apá aṣọ tútù náà sí i, wọ́n ní, "Ta ló ni ín?" Bó bá jẹ́wọ́, wọ́n á pa àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Á wò ó, á dákẹ́, á wá ní, "Mi ò mọ aṣọ yìí rí." Mo ti rí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tó bú sẹ́kún níbẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni Tokuzo fi kúnlẹ̀ sẹ́yìn bàbá náà nínú eré yìí, nínú aṣọ dúdú àti ìbòjú dúdú tí àwọn tó ń ranni lọ́wọ́ lórí ìtàgé máa ń wọ̀, tí ará ìwòran á sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí wọn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ni bàbá náà fi ń gbá a lórí bó bá ṣì í.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀, mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń fá orí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá wa. Ó ní, "Tokuzo ni kó jẹ orúkọ mi lẹ́yìn mi. Ṣé o gbọ́?"

Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó forí balẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó ní òun gbọ́.

Ọdún méjìlá ni Tokuzo fi dúró de orúkọ náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí wọ́n máa kan sáárá sí i. Ẹni tó bá jẹ́ Shigenojo ni wọ́n ń fún ní ìyá alágbàfọ̀ ṣe, kò sì sí ohun mìíràn tí ọkùnrin yìí fẹ́ láyé ju kó ṣe ìyá náà lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Kò níyàwó, kò bímọ. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá ti dé, á lọ kí ọ̀gá, ọ̀gá á sì ní, "Ọ̀rọ̀ wa yẹn ń bẹ lọ́kàn mi o." Tokuzo á máa rẹ́rìn-ín títí oṣù náà á fi parí.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ọ̀gá pè é wọ yàrá ìmúra rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, ìyarun wà lọ́wọ́ mi.

"Tokuzo, àkókò ti tó. A fẹ́ gbé orúkọ Shigenojo dìde."

Tokuzo forí kan ẹní.

"Haruhiko ni yóò jẹ ẹ́. Ìwọ lo mọ ìyá alágbàfọ̀ jù, kọ́ ọ dáadáa."

Haruhiko ni ọmọ ọ̀gá kejì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Orí Tokuzo pẹ́ nílẹ̀. Mo ń wo ọrùn rẹ̀, mo ń retí kó sọ ohun kan, ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá." Ẹ gbọ́ mi ná, ó dúpẹ́. Mo kó àwọn ìyarun mi, mo jáde, torí pé bí mo bá dúró, n bá da òróró gbígbóná sórí ẹnì kan.

Haruhiko yìí rẹwà, n ò lè sọ pé kò rẹwà. Ó ti ṣe sinimá méjì, àwọn ọmọbìnrin ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá wá kẹ́kọ̀ọ́, ṣingọ́ọ̀mù á wà lẹ́nu rẹ̀. Á ní, "Toku, ṣe kíá, mo ní ibi tí mò ń lọ." Toku. Ẹni tó lè bí i lọ́mọ! Tokuzo á kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, á fi bí ìyá náà ṣe ń fún aṣọ hàn án, bó ṣe ń tẹ̀yìn, bí orúnkún ṣe ń dún un kó tó jókòó. Ọmọkùnrin náà ń wo ago ọwọ́ rẹ̀.

Mo mú Tokuzo lọ jẹ soba, irú núdùùsì ọlọ́mi kan, níwájú ilé ìṣeré. Mo ní, "Toku, fi díẹ̀ pamọ́. Àgbà tí kò fi nǹkan kan pamọ́, kí ló fẹ́ fi jẹ́ àgbà?"

"Kì í ṣe tèmi, Moriwaki. Ẹni tó fún mi ò fi nǹkan kan pamọ́."

"Wọ́n gba orúkọ rẹ, o tún fẹ́ bá wọn gbé e délé."

"Ta ni yóò ṣe ìyá náà bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kí wọ́n má ṣe é mọ́!"

"Jẹ soba rẹ, ó ń tutù."

Inú bí mi débi pé n ò lè jẹ ẹ́ tán. Ẹlòmíì á ní ọmọlúàbí ni. Lójú mi lọ́jọ́ náà, òun gan-an ń rí mi lára.

Ó kọ́ ọmọ náà ní gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan ṣoṣo tí kò wọ̀ ọ́ létí, ìyẹn ibi tí ìyá náà ti dákẹ́ kó tó dáhùn. Haruhiko á wo apá aṣọ náà fìrí, á sọ̀rọ̀. Tokuzo á ní kó dúró díẹ̀ sí i. Haruhiko á ní, "Bí mo bá dúró bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á sùn."

Ọjọ́ ìjórúkọ pé. Gbogbo ilé Kurimoto kúnlẹ̀ tò lórí ìtàgé nínú aṣọ ńlá, wọ́n forí balẹ̀ fún ará ìwòran. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àmọ́ mo mọ̀ pé kò sí èyí tí inú ń run níbẹ̀, gbogbo wọn ti yó. Ọ̀gá gbé orí sókè. Ó ní lórí ibùsùn ikú ni bàbá Shigenojo ti bẹ òun pé kí orúkọ náà má kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ilé Kurimoto láé. Ó tiẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú.

Mo tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Tokuzo dúró tì mí, ó ń so okùn ìbòjú dúdú rẹ̀. Kò wò mí. Ó ní, "Kó yára parí, àtíkè ojú ọmọ náà á ṣá."

Eré bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú eré kabuki, ẹni tó wọ aṣọ dúdú máa ń kúnlẹ̀ sẹ́yìn òṣèré, á máa rán an létí ọ̀rọ̀ bó bá gbàgbé, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Tokuzo ló kúnlẹ̀ sẹ́yìn Haruhiko. Wọ́n na apá aṣọ náà sí i. Wọ́n ní, "Ta ló ni ín?" Haruhiko wò ó, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ pòórá. Mo rí i láti ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ewúrẹ́. Ó ń dúró de Tokuzo, Tokuzo ò sọ nǹkan kan. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹnì kan fọn imú ní òkè lọ́hùn-ún. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó tó, ọkùnrin yìí ti jí lójú oorun, jẹ́ kí ọmọ náà tẹ́ níbẹ̀, jẹ́ kí gbogbo ayé rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìbòjú dúdú Tokuzo tó mì díẹ̀, ó ti rán an létí. Haruhiko ní, "Mi ò mọ aṣọ yìí rí."

Ilé dàrú. Àwọn tó máa ń ké orúkọ òṣèré láti àga òkè kígbe "Shigenojo!" títí ohùn wọn fi há. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pé láti ọjọ́ tí bàbá Shigenojo ti kú, àwọn ò rí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Haruhiko sọ fún wọn pé inú ẹ̀jẹ̀ òun ló ti wá.

Mo bá Tokuzo ní òkè. "O mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni?"

"Èémí méje ni. Bàbá máa ń kà á. Ìyá náà kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, aṣọ ló ń wò. Ní èémí karùn-ún, á fi ìka kan ibi tó tutù jù. Ọmọ náà gbàgbé ọ̀rọ̀, mo bá bá a kà á."

"O ò wá fi gbẹ̀san, o fi ta á lọ́rẹ." Mo jókòó. "Ṣé o ti sọ fún un pé kíkà ni?"

"Á wá béèrè."

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé bí eré bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ bá olùkọ́ rẹ̀, á kúnlẹ̀, á dúpẹ́, á ní, "Níbo ni mo ti kùnà?" Ìbáà jẹ́ ọmọ olórí ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Olùkọ́ kì í lọ bá akẹ́kọ̀ọ́. Tokuzo nu òógùn kúrò lójú, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó, ó ń retí.

Lọ́jọ́ kejì, Haruhiko ti rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní èémí kan. Kò sì gòkè wá. Ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe eré náà, ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n ni Tokuzo fi jókòó. Mo ní, "Sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún un, kó tán." Ó ní, "Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, á ní mò ń wá ojúure. Bó bá gòkè, á gbà á." Àtẹ̀gùn méjìlélógójì péré ni. Mo ti kà á.

Òtútù àyà ló pa Tokuzo ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilé Kurimoto fi òdòdó ńlá ránṣẹ́, orúkọ wọn tóbi lára rẹ̀ ju orúkọ òkú lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ tún ṣe eré ìyá alágbàfọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ti ń béèrè pé níbo ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ wọlé sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Haruhiko ni. Kò jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó forí balẹ̀.

"Bàbá Moriwaki, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Olùkọ́ mi tó ti kú, ṣé wọ́n sọ nǹkan kan fún yín rí nípa ibi apá aṣọ yẹn? Mo ti gbìyànjú títí, kò bọ́ sí i."

Olùkọ́ mi, ó ní. Ojú rẹ̀ ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ kó wà. Bó bá jẹ́ pé Tokuzo ló bá níbẹ̀, ì bá ti bu tíì fún un, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Mo ní, "Rárá. Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe eré náà, kò dára, wọn ò sì ṣe é mọ́ láti ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí Tokuzo tọ́jú pamọ́ de ọmọ yẹn, èmi ni mo sin ín. Tokuzo tí kò bínú sí wọn rí, èmi ni ì bá bínú sí.